Èkùrọ́ Tí Kò Bá Ẹ̀wà Kú

Aago méjì òru, ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta.
Ooru ọ̀sán ti wọ inú àpáta, kò tíì jáde.
Páànù ń dún kẹ̀kẹ̀. Fáànù ẹ̀rọ ń hanrun.
Èmi Ṣówándé, olùtọ́jú kọ̀ǹpútà,
mo jókòó, mo ń ka ohun tí èkùrọ́ ń kọ sílẹ̀.

Èkùrọ́ ni mo ń pè é: kóró inú ẹ̀rọ,
èyí tó ń pín àyè fún gbogbo iṣẹ́ tó wà lókè,
tí ẹnikẹ́ni kì í rántí àfi bí nǹkan bá bàjẹ́.

Nǹkan ti ń bàjẹ́.
Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bíìtì kan ṣoṣo yí padà nínú iyè ẹ̀rọ,
ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta fẹ́ di oníkílò méje,
ọmọ òòjọ́ tó tóbi bí ọmọ oṣù mẹ́fà!
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bíìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ẹlẹ́rìí mẹ́jọ ló ń dúró.
Wọ́n ka ara wọn, wọ́n ní, "Ìwọ lo purọ́,"
wọ́n dá a padà sípò. Ìyá ọmọ kò gbọ́.
Èkùrọ́ kọ ìlà kan, ó bá iṣẹ́ lọ.

Ìlà kan. Lọ́jọ́ kejì, ìlà mẹ́rin. Ojú-ewé kan náà.

Bàbá mi ní ilé alámọ̀ kan ní Adátán, oníyàrá mẹ́jọ.
Nígbà tí ògiri yàrá kẹta lanu,
kò dúró dìgbà tó máa wó.
Ó kó ẹní Lípẹ̀dé àti ìkòkò rẹ̀ lọ sí yàrá kẹfà,
ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: MÁ GBÉ IBÍ.
Títí ó fi kú, kò gba kọ́bọ̀ lórí yàrá náà mọ́.
Àwa ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.
Lóru yìí ni mo ń tẹ àṣẹ rẹ̀: kó wọn kúrò, ti ilẹ̀kùn.
Ọwọ́ mi kò yá tó.

Bíìtì méjì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.
Ẹlẹ́rìí mẹ́jọ wo ara wọn lójú:
wọ́n mọ̀ pé irọ́ wà nílé, wọn kò mọ ẹni tó pa á.

Láyé ijọ́un, gbogbo ẹ̀rọ ni ì bá dákú,
àti ìwé oògùn, àti ìwé owó.
Wọ́n ṣáà ní èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà.
Èkùrọ́ tèmi kọ̀.
Ó sọ ojú-ewé náà ní Májèlé,
ó bèèrè: ta ló ń gbé inú rẹ̀?
Ká ní ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí díìsìkì ni,
ì bá sọ èyí nù, kó ka òmíràn wá, kí ilẹ̀ tòrò.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tútù ni, a kò tíì tọ́jú rẹ̀.
Ó pa iṣẹ́ kan. Ìyókù ń mí.

"Ṣówándé! Ojú ẹ̀rọ mi ti ṣú!"
Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá nìyẹn, láti wọ́ọ̀dù.
Mo ní ohun tó kọ kẹ́yìn ti lọ,
kò sí níbì kankan nínú ẹ̀rọ.
Kò bá mi jà. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè sí iná:
bírò búlúù, òógùn ti ń pa á rẹ́,
Ṣónéyè, obìnrin, kílò méjì àbọ̀.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo padà sídìí ìlà tuntun:
kìlóbáìtì mẹ́rin ti dín nínú iyè,
a kò ní fi gba ayálégbé mọ́.
Lọ́la, màá lọ ra pákó iyè mìíràn ní Kútọ̀,
bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí owó.