Àbámọdá Inú Ìwé

Mo já ewé àbámọdá kan lẹ́bàá kànga Ìjòka,
mo fi há inú ìwé báyọ́lọ́jì mi, mo gbàgbé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ṣí ìwé:
ewé ti rọ, ó ti ń pọ́n,
ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yípo ti so ọmọ wẹ́wẹ́,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò bí irun ìpéǹpéjú,
wọ́n ń mu omi tí kò sí.

Tíṣà Fágbohùn ní, "Àwọn wọ̀nyí kò ní bàbá."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú yí sí mi,
nítorí láti Ìjòka títí dé Òkèsà
kò sẹ́ni tó lè dárúkọ bàbá mi.
Mo gbá ìwé náà mọ́ àyà lọ sílé.
Lálẹ́, mo sọ fún ewé pé, ẹbí ni wá.

Ìyá mi àgbà, Ẹfúnbọ̀wálé, ń gé ebu lẹ́yìn ilé,
ó ń fi eérú pa ojú egbò iṣu.
"Iṣu yìí," ó ní, "òun ni bàbá bàbá mi jẹ.
Kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀.
Òun gan-an.
A ń gé e, a ń sin ín, ó ń jí.
Àwa tó ń gún un ló ń kú."

Mo ní ó mà dára o. Ó mi orí.
Ó ní ọdún kan wà, kí wọ́n tó bí mi,
tí àmì dúdú kan yọ lára ewé kan
ní ebè tó kángun sí ọ̀nà Ìbòdì.
Kí wọ́n tó ná ọjà méjì, oko ti jó gbẹ.
Àrùn tó bá ti mọ ilẹ̀kùn ọ̀kan
ti mọ ilẹ̀kùn gbogbo wọn;
ara kan ṣoṣo ló ń jẹ́ igba ebè.
Ọdún yẹn, àwa Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀bà la jẹ.

Ó nu ọwọ́ eérú sí ìró, ó di imú mi mú.
"Imú yìí, n kò mọ ibi tó ti wá.
Kò sí lójú ìyá rẹ, kò sí lójú tèmi.
Àlejò ni.
Ikú tó mọ ilé wa kò tíì mọ òun."
Ó padà sídìí ọ̀bẹ.

Mo gbin ewé náà sínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé.
Mẹ́rìnlá ni wọ́n lónìí,
wọ́n jọra débi pé n kò lè fún wọn lórúkọ.
Mo ń bomi rin wọ́n.
Mo ń fọwọ́ kan imú mi.