Àmì Lára Ògiri

Ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ògiri pálọ̀ ni Bàámi fi ń wọn ọmọ.
Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìsìn ìkórè,
a ó bọ́ bàtà, a ó fẹ̀yìn tì í,
yóò yọ pẹ́ńsù káfíńtà lẹ́yìn etí,
yóò fa ìlà: Oyèlọlá. Àṣàkẹ́. Mojoyin.
Mojoyin a máa dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀,
Bàámi a ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Òjò ọjọ́ náà kò ṣú kó tó rọ̀.
Ó kàn já lulẹ̀ bí ìgbà tí àpò àgbàdo bẹ́.
A ní yóò dá. A ń jẹ ẹ̀bà wa lọ.
Abẹ́ ilẹ̀kùn lomi kọ́kọ́ gbà wọlé,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò tó ń wá bàtà rẹ̀.
Ká tó ká rọ́ọ̀gì, ó ti dé orúnkún.
Ká tó pe Jésù lẹ́ẹ̀kejì, àga ti ń rìn.

Pákó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù Bàámi lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ aago ìjáde.
Pósí tí Àlàgbà Oyèwọlé ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀,
tí kò tíì rí fáńíìṣì,
léfòó wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó dúró.
Ẹnìkan ké láti orí òrùlé kejì:
“Ẹ gbé ọmọ kékeré yẹn sínú ẹ̀!”
Màámi ò dáhùn.
Ó fẹsẹ̀ ti pósí náà sẹ́yìn,
ó gbé Mojoyin lé éjìká,
ó dúró lórí tábìlì títí àkùkọ fi kọ.
Àkùkọ ta ni, a ò mọ̀. Tiwa ti bómi lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo ọ̀rá píọ́wọ́tà tí a ti jù sí gọ́tà
padà wá bá wa, ó so rọ̀ lára fẹ́ńsì bí aṣọ tí a sá.
Kò sẹ́ni tó lè ní tòun kọ́.
Wọ́n rí pósí ní pápá ilé ìwé Onítẹ̀bọmi,
ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sínú ẹ̀ bí onílé.
Àlàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun fọ̀ ọ́.

Bàámi kò sọ̀rọ̀. Ògiri ló ń wò.
Omi ti fa ìlà tirẹ̀, pupa rúsúrúsú, láti igun dé igun:
ó kọjá orí Mojoyin,
ó kọjá orí Àṣàkẹ́,
ó ku ìka méjì kó dé tèmi.
Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí. Pẹ́ńsù ṣì wà níbẹ̀.
Ó kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà,
ó wá dúró, bí ẹni tó ń ro
orúkọ tí yóò sọ ọ́.