Ilẹ̀kùn Tó Dùbúlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Valdemar fi àwòrán ránṣẹ́ láti Lúsẹ́ńbọ̀ọ̀gì:
ilé ìdáná funfun báláú, tó ń dán bí eyín àtọwọ́dá,
kò lápàá, kò lójú igi, kò síbi téèyàn lè fọwọ́ tì.
Mo ní ó dára. Mo pa fóònù.

Ilé ìyá àgbà wa wà lórí òkè, ní àríwá Potogí,
níbi tí yìnyín ti ń bá ewúrẹ́ du ọ̀nà.
Òkúta dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀,
wọ́n tò ó lérí ara wọn láìsí símẹ́ńtì,
bí ẹni ń ka owó tí kò fẹ́ kó tán.

Mo ké sí Belmiro, mọlémọlé, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin,
tí ìka rẹ̀ kan ti bá òkúta lọ nígbà èwe.
Kò mú okùn ìwọ̀n dání. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri,
ó gbọ́ ohun tó gbọ́,
ó ní: “Èyí ṣì yè. Èyí ti kú. Ẹ gbé èyí kúrò.”

A hú òkúta ẹnu ọ̀nà, èyí tí ẹsẹ̀ ti jẹ láàárín
títí ó fi jin bí àwo ọbẹ̀,
a gbé e sídìí ààrò.
Ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀pá irin méjì, èébú tí mi ò lè tún sọ.
Ọpọ́n òkúta tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń jẹun rí
la fọ̀ lẹ́ẹ̀meje, la sọ di ibi ìfọwo.
Ẹ má sọ fún Valdemar.

Igi ńkọ́?
Ilé ewúrẹ́ bàbá àgbà ti wó láti ọdún tí mo kúrò nílé,
ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró, òun nìkan, láàárín ẹ̀gún,
ó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́.
Kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí, kò lè jẹ ẹ́ dé ọkàn.
Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́,
àwọ̀ eérú lọ, àwọ̀ oyin jáde,
àpá ọ̀bẹ sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ìlà márùn-ún, ìlà márùn-ún:
iye ewúrẹ́ tó wọlé lálaalẹ́.
Ọ̀wọ́ ìkẹyìn jẹ́ ìlà méjì péré.
Belmiro gbé ìfági. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
A ò sọ̀rọ̀. Ó dá ìfági padà sápò.

Ó wá di tábìlì.
Ihò ìṣó wà níbẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀,
èérún búrẹ́dì ń gba inú rẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹni.

Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n gbé ìyá àgbà Deolinda wá láti ilé àwọn arúgbó.
Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.
Ó fẹsẹ̀ wá òkúta ẹnu ọ̀nà, kò bá a;
ìdí ààrò ló ti pàdé rẹ̀,
ó dúró sínú kòtò rẹ̀ bí ẹni wọ bàtà àtijọ́.
Ó fọwọ́ ra tábìlì títí dé ihò kọ́kọ́rọ́:
“Ta ló ní kí ilẹ̀kùn dùbúlẹ̀?”
Ẹnikẹ́ni ò fèsì.
Ó ká ìka, ó kan án lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ẹni tí òjò lé dé láti oko,
ó dẹtí.
Mo ní, “Ẹ wọlé, Ìyá.”
Ó jókòó. Ó ní ọbẹ̀ náà ò níyọ̀.