Ìbẹ́pẹ Eléyín Mẹ́ta

Aago mẹ́rin ti lù kí Ìdòhú tó sọ fún mi
pé alẹ́ òní ni.
"Alẹ́ òní ni kí ni?"
Ó na fóònù sí mi bí ẹni ń na ìwé ilé-ẹjọ́:
elégédé kan rèé, wọ́n ti gbẹ́ ojú fún un,
wọ́n gbẹ́ imú, wọ́n gbẹ́ eyín,
wọ́n tan àbẹ́là sínú ikùn rẹ̀.
Mo ní, "Ta ló wá jẹ inú rẹ̀?"
Kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Líyọ́ọ̀nù.

Òmíràn ń tẹ̀lé òmíràn bí mo ṣe ń fi ìka tì í:
ajá tí wọ́n dé ìwo màlúù lórí,
búrẹ́dì tí wọ́n fi mọ ọwọ́ òkú, ẹ̀pà ni èékánná,
arúgbó kan tó da aṣọ ìbùsùn borí
tó ní òun ni olóògbé ọkọ òun.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Àwọn èèyàn yìí lówó, wọn ò níṣẹ́.

Ìdòhú kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní lọ́hùn-ún ọmọdé a máa kanlẹ̀kùn,
a ní, ẹ fún mi ní ohun dídùn, àbí kí n fi yín ṣẹ̀fẹ̀.
Mo ní ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹni tó ń rìn lóru
kì í tọrọ ṣúgà.
Sàngbétò á yí kọjá bí ahéré tó ń wá olóko,
o ó wọlé, o ó tilẹ̀kùn, ó parí.
Àti pé kàlẹ́tà ń bọ̀ lóṣù Kejìlá,
páálí lójú, agolo lọ́wọ́, ẹ ó jó gbowó.
"Oṣù Kejìlá jìnnà," ló wí.
"Màmá ní kí n ya fọ́tò ránṣẹ́ lálẹ́ yìí."

Kí ni n ó sọ sí i?
Ó di ọdún mẹ́ta tí fóònù yìí ti ń ṣe ìyá.

Mo gun sémìjàn, ó di Wàndó. Elégédé ti tán;
èyí tó kù, wọ́n ti là á ní ègé-ègé,
ojú kì í sì í gbé orí ègé.
Mo ra àgbọn méjì, mo ra ṣúgà,
mo gba ìbẹ́pẹ kan ní ènì, tí kò tíì pọ́n,
tó gùn bí orí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Ẹ wá wo obìnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta
tó ń rin àgbọn bí ẹni tọ́lọ́pàá ń dúró dè.
Bàbá dúdú kì í mọ ojú ẹni tó ń wo fóònù:
ìṣẹ́jú kan, ó di oyin,
ìṣẹ́jú kan sí i, ó di èédú.
Ìkòkò àkọ́kọ́ di èédú.
Ajá oníwo yẹn ni mo tún lọ wò.

Ìdòhú ń gbẹ́ ìbẹ́pẹ. Ọ̀bẹ yọ̀,
eyín mẹ́rin di mẹ́ta, ojú kan tóbi jù kejì.
A tanná sí i, ó jọ Músé Ṣàbí
tó máa ń wá gbowó omi.

Ọmọ mẹ́fà ló kanlẹ̀kùn, ọmọ agboolé náà ni.
Mùnírátù wọ àpò sìmẹ́ńtì, ó lu ihò méjì;
Fúráńsíìsì fi ìyẹ̀fun kunjú, ó ń wúkọ́;
àbúrò rẹ̀ ò wọ nǹkan kan, ó lóun ni afẹ́fẹ́.
Wọ́n ti gbàgbé ohun tó yẹ kí wọ́n wí.
"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà."
Iwin wo ló ń kúnlẹ̀ kí èèyàn?
Mo pín bàbá dúdú. Ó lẹ̀ mọ́ wọn léyín,
agboolé dákẹ́ rọ́rọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀.

A wá ya fọ́tò. Ìdòhú gbé ìbẹ́pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀.
"Ṣé Màmá á mọ èwo ni èmi?"
Mo ní, "Èyí tí eyín rẹ̀ pé ni."
Ó lanu sí mi.
Eyín iwájú rẹ̀ ti ká lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbàgbé.

Ó fi bàbá dúdú kan sójú fèrèsé. Ti Màmá ni.
Mi ò bá a jiyàn.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìbẹ́pẹ ti rọ, ó ti doríkodò,
èèrà sì ti tò láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà,
wọ́n ń gbé e lọ, díẹ̀, díẹ̀.
Mo mú ìgbálẹ̀.
Ìdòhú ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọjá.