Ojú Tí A Rà

Láti oṣù Ẹrẹ́nà ni ìròyìn ti ń jà ràn-ìn:
wọ́n ń bọ̀ wá gbé awò tuntun jáde,
awò olójú méjì tí a ó máa fi wo ẹyẹ.
Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án,
síbẹ̀ gbogbo wa la ti mọ bó ṣe wúwo tó.
Hjalmar ní kò ju búrẹ́dì kan lọ.
Ó ní bí o bá gbé e sójú nírọ̀lẹ́,
òkùnkùn á tọrọ gáfárà.
Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"
Ó ní ẹnìkan ní Malmö, tó mọ ẹnìkan nílé iṣẹ́ náà.

Òun la jẹ sùn ní gbogbo oṣù tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀.
Ní etíkun Falsterbo, nídìí ilé ìmọ́lẹ̀ àwọn atukọ̀,
níbi tí àwọn àṣá ti ń kóra jọ
kí wọ́n tó sọdá omi lọ sí gúúsù,
kò sẹ́ni tó ń bèèrè àṣá mọ́.
"Ṣé etí rẹ̀ mọ́ bí àárín?"
"Ṣé funfun rẹ̀ funfun, àbí ó pọ́n díẹ̀?"
Birger ta èyí tó rà lọ́dún tó kọjá,
èyí tó ní kí wọ́n bá òun sin.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Tiwa, inú àpótí ló wà, kò tíì dé.

Èmi náà ńkọ́? Ẹ má bi mí.
Owó tí èmi àti Sunniva tọ́jú fún òrùlé,
òrùlé tó ń jò sórí àtùpà yàrá,
mo kà á, mo tún un kà,
mo ní òjò ọdún yìí kò ní pọ̀.

Nígbà tí àpótí dé, mo rọra ṣí i
bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ jòjòló.
Òórùn rọ́bà. Mo gbé e sójú.
Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́:
ó dára.
Mo rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lẹ́nu àwòdì.
Mo rí kòkòrò nínú ìyẹ́ rẹ̀.
Mo rí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n lórí omi
bí ooru orí ààrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá
láti Trelleborg, ó forí lé Jámánì.
Obìnrin kan wọ kóòtù pupa, ó dúró lókè ọkọ̀,
ó gbé awò sójú, ó ń wò wá.
Mo sé èémí mi. Mo ń yí àárín awò mi díẹ̀díẹ̀,
mò ń wá orúkọ tí wọ́n kọ sára tirẹ̀.
Irú wo ni? Ṣé irú tiwa ni? Àbí èyí tó ń bọ̀ ni,
èyí tí Hjalmar ní yóò jáde lẹ́yìn Kérésìmesì,
tí tiwa yóò dà bí ìdí ìgò ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?
"Ẹ wá wò ó!" Birger sáré dé, a jọ ń nàka.

Ẹ̀yìn wa ni Gunvor jókòó sí, lórí àga aláṣọ,
ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti já níka méjì, pẹ́ńsù wà lẹ́nu rẹ̀.
Ó yọ ọ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé.
"Mẹ́tàlélógójì," ló wí, kò pariwo.
"Àwọn àṣá tí í jẹ agbọ́n. Orí yín gan-an ni wọ́n gbà."

A gbójú sókè.
Ojú ọ̀run mọ́ roro, ó ṣófo.
Ìgbà tí mo fi padà wo òkun,
obìnrin náà ti sọ awò rẹ̀ kalẹ̀, ó ń jẹ ápù.
Ìyẹn ni mo rí kedere,
títí dé omi èso náà ní àgbọ̀n rẹ̀.