Ìlà Méjì

Ní Hamburg, ìlà kan náà ni èmi àti Ketevan máa ń tò,
ìlà àwọn àjèjì,
fáìlì lábẹ́ abíyá, nọ́ńbà lọ́wọ́.
A ti gbọ́n: a máa ń gbé búrẹ́dì dání.

Ní pápákọ̀ òfurufú Tbilisi ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀.
Ó yà sọ́tùn-ún, níbi tí wọn kì í ti í bi èèyàn ní nǹkan.
Ìpàkọ́ rẹ̀ ni mo rí gbẹ̀yìn.
Ọkùnrin inú gíláàsì ń yí ìwé ìrìnnà Bolivia mi
bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò.

Nílé ìyá rẹ̀, ohùn ìyàwó mi yí padà.
Ó ń pariwo! Ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n,
ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.
Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń gbé,
n kò gbọ́ ẹ̀rín yìí rí.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Mo ríran o. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ sàmì gíga rẹ̀
lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná.
Etí ni n kò ní.

Àna mi Nanuli bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún mi lẹ́ẹ̀kẹta.
Ó fọwọ́ kan àyà,
ó tọ́ka sí ọmọ rẹ̀,
ojú rẹ̀ ń bi mí ní ohun kan.
Mo forí dáhùn. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí a dé Hamburg,
a tún tò sí ìlà kan náà.
Ó dákẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú.
Ó yẹ kí inú mi dùn.