Agbárí Kò Ní Fèrèsé

Aago mẹ́ta òru ti lù ní Blantyre
nígbà tí wọ́n gbé Limbikani wọlé,
ọmọ ọdún mẹ́rin, láti ìsàlẹ̀ odò Shire
níbi tí omi ti bo oko ọkà bàbà láti oṣù kejì.
Falesi ìyá rẹ̀ fi aṣọ chitenje pọ̀n ọ́n,
ó ń yíjú sẹ́yìn, ó ń pe orúkọ rẹ̀
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí àtùpà ṣì ń tàn níbẹ̀,
tí onílé kò dáhùn.

Èmi kì í ṣe dókítà.
Ìdí maikirosíkóòpù ni mo ń jókòó sí,
mo ń ka kòkòrò ibà bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.
Yankho lorúkọ mi. Ní èdè wa, “Ìdáhùn” ni.
Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀
tí wọ́n bá kó ẹ̀jẹ̀ dé: “Ìdáhùn, dáhùn o!”

Kòkòrò pọ̀ lóòótọ́. Pípọ̀ wọn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.
Mo ti rí ọmọ tí tirẹ̀ pọ̀ jù báyìí lọ
tó jí lọ́jọ́ kejì, tó ń bèèrè nsima.
Mo ti rí èyí tí tirẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kì í kàn ń sọ ọ́ tán ni.
Ó ní ṣúgà ti lọ sílẹ̀.
Ó ní ohun kíkan kan ń ga sí i nínú ara.
Ó ní ògiri àwọn iṣan tín-ín-rín
tó ń gbé òun lọ sínú ọpọlọ ti ń bó,
èérún rẹ̀ ń bá òun ṣàn kiri.
Èérún yẹn ni mò ń wọ̀n,
kí n lè mọ bí ilé tí n kò rí ṣe ń wó sí.

Ká ní ìkókó ni,
àwùjẹ̀ rẹ̀ ìbá ru sókè, à bá fi àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ ọ́n.
Ti Limbikani ti dì.
Ẹ̀wà tó bá wú nínú ìkòkò a ṣí ìdérí;
ọpọlọ tó bá wú, ibo ni yóò gbà?

Dókítà Sauzande tan iná tín-ínrín sí i lójú,
ó yọjú bí ẹni ń yọjú ní ihò kọ́kọ́rọ́.
Ó rí àbàwọ́n funfun. Kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ ńlá
tó ń pariwo bí ọlọ ìlọgbàdo,
tó sì ya àwòrán inú orí jáde.
Ọpọlọ yẹ kó ní ebè, kó ní poro.
Kò sí poro mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti dí.
Falesi wò ó títí. Ó ní,
“Bí oko wa ṣe rí nìyí ní oṣù kejì.”
Mo bi í pé báwo lomi ọ̀hún ṣe wá fà.
“Ó fà fúnra rẹ̀. A jókòó sórí òkè,
à ń wò ó.”

Lọ́jọ́ kẹta, mo tún wọn ẹ̀jẹ̀.
Èérún ti dín.
Bóyá ògiri ti ń rí àtúnrẹ́,
bóyá kò sí ògiri tí yóò bó mọ́.
Nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò jọ fún mi.

“Ìdáhùn,” ni nọ́ọ̀sì pè mí láti ẹnu ọ̀nà.
Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo wo ìta lójú fèrèsé.
Falesi ti fọ aṣọ chitenje náà,
ó ń sá a sórí ọgbà nínú oòrùn,
ó ń na etí rẹ̀ kó má baà hunjọ,
nítorí pé, ó ní,
òun yóò fi pọ̀n ọ́n relé.